Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ibùsùn Àmínà

Yàrá mi ní Kútọnu,
Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ràfíù, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé ara yín le, ìwọ àti Sikirá aya rẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi, Ràfíù, n kò sì fẹ́ fi ìkíni gígùn bo ìbínú náà bí ẹni tó fi eérú bo ẹyin iná.

O mọ ìyá rẹ. N kì í lè sọ ohun tó wà nínú mi lójú ènìyàn, àní lójú ọmọ tí mo bí. Ahọ́n mi á wúwo, n ó máa wo ilẹ̀, n ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Ohun tí mo sọ náà nìyẹn ní Ọjọ́ Àìkú tí ẹ wá kí mi, ìwọ sì mú un lọ sílé bí ẹni pé mo ti fọwọ́ sí i. Mo gbọ́ ni, n kò gbà. Ìwé nìkan ni mo lè fi bá ènìyàn jà. Nítorí náà jókòó, kà á dé òpin, kí o sì kà á sí etí Sikirá.

Jẹ́ kí n rán ọ létí bí ó ṣe lọ. Ẹ̀yin márààrún wọlé, yàrá mi tí kò gbà ju ibùsùn kan àti tábìlì ìkàwé lọ sì kún fọ́fọ́. Hamídù gun orí ibùsùn pẹ̀lú bàtà. Yàyá ń fa ìwé mi. Ìwọ jókòó sórí àga, ojú rẹ ń dán, o ní:

"Màmá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọkọ̀ náà. Bí òjò yìí bá ti dá, a ó gbéra. Tógò, Gánà, Kódífúà, títí a ó fi dé Dàkáà. Ọdún méjì ni, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọkọ̀ la ó máa sùn, inú rẹ̀ la ó máa se oúnjẹ, inú rẹ̀ ni n ó ti máa ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi."

Mo ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ yín." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. N kò bá ìrìn àjò jà. Aya awakọ̀ ni mí.

Hamídù pariwo láti orí ibùsùn, "Èmi ni n ó máa sùn lókè! Yàyá á wà nísàlẹ̀, nítorí ó ń tọ̀ sórí ẹní!"

Àmínà ní, "Ìwọ náà ń tọ̀. Ta ló fọ aṣọ rẹ lánàá?"

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn lo fi ọ̀rọ̀ náà há sí: "Ṣùgbọ́n ti Àmínà, Màmá, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ìdánwò rẹ̀ ń bọ̀. A rò ó pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ìlú yìí, ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni. Á máa ṣe ẹnìkejì yín. Olùkọ́ lẹ sì jẹ́. Ṣé ẹ rí i pé ó rọ gbogbo wa lọ́rùn?"

Sikirá ń so etí ìborùn rẹ̀ ní kókó, ó ń tú u, ó tún ń so ó. Àmínà dìde, ó gbé àpò ìwé rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Màmá àgbà, níbo ni kí n máa gbé àpò mi sí tí kò fi ní dí yín lọ́wọ́?"

Ràfíù, ìwọ gbọ́ ìbéèrè yẹn, o sì rò pé ọmọ tó gbọ́n ni. Èmi gbọ́ ọ, ọkàn mi sì já. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ níwájú.

Kí n tó bínú sí ọ, ó yẹ kí n bínú sí ara mi, nítorí inú mi dùn. Òótọ́ ni mo ń sọ. Ìwọ mọ̀ pé mo dá wà níbí, ṣùgbọ́n o kò mọ bó ti pọ̀ tó. Mo fi ogún ọdún kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà lábẹ́ igi máńgòrò ní Kétu, kí wọ́n tó ní kí n wá gba ẹ̀kọ́ ọdún méjì ní Kútọnu kí èmi náà lè ní ìwé-ẹ̀rí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò mí, ó ní, "Ìyá, àwọn ọmọ ò tíì jáde o. Ẹ dúró síbí, kí oòrùn má pa yín." Ojú tì mí láti sọ pé èmi gan-an ni ọmọ ilé-ìwé. Mo dúró lábẹ́ òrùlé rẹ̀ títí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fi parí. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó, lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn tí wọ́n lè jẹ́ àbíkẹ́yìn mi ń sọ èdè Fọ̀n láàárín ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń fi rín. Bí wọ́n bá jáde lọ jẹun, èmi a ṣí ìwé mi bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà nígbà tí ẹ lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá ṣe. Ní Ọjọ́ Ajé mo lọ sí ọjà Misẹbo, mo yan aṣọ ibùsùn ọmọdé kan láàárín òkìtì àwọn aṣọ tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé, aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ wẹ́wẹ́. Obìnrin tó tà á fún mi, ará wa láti Nàìjíríà, ń pọ́n mi lé. "Ìyá, ti ọmọ-ọmọ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bọ̀ wá bá mi gbé." Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ̀gbádùn! Tèmi ò lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé ilé. Tèmi ò lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ọkọ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ní Ọjọ́rú, láìsọ fún ọ, láti fi ojú ara mi wo ọkọ̀ tí ẹ sọ di ilé.

Mo rí i. Ó dára, n kò ní purọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ lásán, ẹ ti fún un ní fèrèsé mẹ́rin. Mo rí ibi ìfọwọ́, mo rí ibi ìdáná tí ẹ fi irin dì mú kí ìkòkò má baà dànù lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Mo dá aṣọ fèrèsé mọ̀, ọwọ́ Sikirá ni. Jórinjórin tó ń ṣe é fún yín, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́yàyà ni.

"Ìyá, ẹ wọlé, ẹ wò ó. Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí lọ́gbọ́n lórí."

"Ọmọ mi ni."

"Háà, ẹ kú orí ire! Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yìí, Ìyá. Ẹ má bẹ̀rù, erin lè sùn síbẹ̀."

"Ti ta ni?"

"Ti ọkọ àti aya."

"Àwọn méjì tó wà lára ògiri ńkọ́?"

"Ti àwọn ọmọ. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀."

Mo ní, "Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n sọ fún mi, Ìyá."

"Nígbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ààwẹ̀, n ò tíì gé irin kankan. Ọ̀gá ya àwòrán rẹ̀ fún mi. Òun nìyẹn lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi."

Mo lọ wo ìwé náà. Èéfín irin ti sọ ọ́ di pípọ́n, ṣùgbọ́n mo dá ìkọ̀wé rẹ mọ̀. O ya ènìyàn kéékèèké sórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, kí jórinjórin lè mọ bí wọ́n ti gùn tó. Méjì ńlá, méjì kékeré. Mo wá ojú ibi tí o ti pa ẹnìkan rẹ́. N kò rí i.

Ràfíù! Irin ti gbọ́ kí èmi tó gbọ́. Jórinjórin ti gbọ́ kí ọmọ náà tó gbọ́. Gbogbo ààwẹ̀ ni Àmínà fi ń bá yín jí se sààrì, tó ń gbé omi fún àwọn àbúrò rẹ̀, tó ń bi yín irú òkun tó wà ní Dàkáà, ẹ̀yin sì ti mọ̀ pé kò ní rí i. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ìwé ló fà á, ìwọ ìbá kọ́kọ́ ya ọmọ mẹ́ta, kí o tó wá fi ìbànújẹ́ yọ ọ̀kan. O kò yọ ọ́. O kò fi í sí i rárá. Lẹ́yìn náà lo wá sí yàrá mi, o mú ìdáwà mi, o fi ṣe àwáwí. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwọ kò tilẹ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Láàárín ọmọ tìrẹ gan-an lo ti ṣà wọ́n.

Mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rìn kọjá ibi ọkọ̀, tí mo sì ní láti padà. Nígbà tí mo wá jókòó, mo ronú, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ni o ti kọ́ ọ.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ará ẹ̀yìn pé kòtò wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ gba ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó àgbàdo láti Kétu lọ sí Pàràkú, títí dé etí Odò Ọya. Mo tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ ni mí, mo fẹ́ rí ayé, mo sì ń bẹ̀rù pé ọkọ tó ń rìn á rí ìyàwó mìíràn lọ́nà. A fi ọ́ sílẹ̀ ní Pọ́bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, nítorí ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó bá wa wí. Bí gbogbo ilé ti ń ṣe é nìyẹn. Ìyá Pọ́bẹ̀ sì tọ́ ọ dáadáa, kò fi ìyà jẹ ọ́, ẹran ló ń fi sí oúnjẹ rẹ.

A padà lẹ́yìn ọdún méjì, a mú ọ wá sílé. O dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja, o ní, "Ẹ kú àbọ̀, mà." Inú bàbá rẹ dùn pé ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, o ká ẹní rẹ, o gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Èé ṣe?" O ní, "Kó má baà dí yín lọ́wọ́." Ní ilé bàbá rẹ, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ká ẹní bí àlejò tí yóò lọ lọ́sàn-án. Ó lé ní ọdún kan kí o tó jáwọ́. Mo rántí àárọ̀ tí o jí, tí o sáré lọ ṣeré, tí o fi ẹní sílẹ̀ ní títẹ́. Bàbá rẹ fẹ́ pè ọ́ kó bá ọ wí fún ìmẹ́lẹ́. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀." Mo jókòó ti ẹní náà, mo sunkún, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.

O ti gbàgbé, àbí? Ọmọ rẹ rán mi létí rẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú.

Ó dára. Kí n wá gbà yín nímọ̀ràn, kí ẹ má sọ pé ìbínú nìkan ni mo rán sí yín.

Èkíní, nípa ilẹ̀ onílẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá fẹ́ dúró sùn, ẹ lọ kí baálẹ̀ ibẹ̀, kí ìkòkò tó kúrò nínú ọkọ̀. Ní abúlé kan lókè Dásà, ọkọ̀ bàbá rẹ dẹnu kọlẹ̀, ebi sì ń pa wá. Mo rí òkúta mẹ́ta tó rẹwà lábẹ́ igi ọdán kan. Mo yí wọn jọ, mo dáná sáàárín, mo gbé iṣu kaná. Kò pẹ́ ni àwọn bàbá àgbà mẹ́ta fi ọ̀pá rìn dé, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan ní, "Aya àlejò, ẹ kú iná dídá. Ìjà ilẹ̀ kan la fẹ́ wá parí. Ṣé orí iná la ó jókòó, àbí orí iṣu?" Òkúta ìjókòó wọn ni mo fi ṣe ààrò! Bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀ títí eruku fi bo irùngbọ̀n rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí ẹ bá ń lọ kí baálẹ̀, kí àwọn ọmọ ṣíwájú, kí Àmínà kúnlẹ̀, kí àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Ilé tó bá rí ọmọ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ṣòro kó lé wọn.

Èkejì, nípa ẹnu aya rẹ. N kò dá Ìyá Pọ́bẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ ní ká fi ọ́ sílẹ̀, inú mi sọ pé rárá, ẹnu mi ní "ó dáa". Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ obìnrin kì í ṣe ìfọwọ́sí. Nínú ọkọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀, bí aya bá ń gbé ọ̀rọ̀ mì lójoojúmọ́, kò ní sí àyè tí ẹ ó gbà yẹra fún ara yín. Mo rí kókó etí ìborùn yẹn, Sikirá. Bi í léèrè, Ràfíù. Má ṣe bi í níwájú àwọn ọmọ, má sì fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Bi í, kí o sì dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, ilé-ìwé. Èmi ni o ń sọ ilé-ìwé fún? Mo kọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì títí ó fi ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́ igi sì la wà. Ẹ lọ bá olùkọ́ Àmínà, ẹ gba gbogbo ohun tí wọn ó kọ́ di ọjọ́ ìdánwò. Ẹ ra ìwé wọn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ n ó fi ohùn mi rán ẹ̀kọ́ sí fóònù yín, òun á kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, ẹ ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ó sì máa fi pupa sàmì sí i bí mo ti ń ṣe fún àwọn àgbà Kétu. Bí ìdánwò bá dé, kí ó wọ ọkọ̀ padà wá, kí ó ṣe é, kí ó sì tún lọ bá yín. Ìyẹn ni kí ó wá ṣe ní yàrá mi: kí ó wá bí ẹni tó ní ibi tí yóò padà sí.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin nípa omi àti ibà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyẹn: ẹ se omi, ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn. N kò ka iye mọ́.

Ní ti ìdáwà mi, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe àìsàn tí a ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe oògùn rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, bóyá nítorí pé ìbínú ṣì wà lára mi, mo fọwọ́ kan èjìká ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú mi, mo bi í ibi tó ti wá. Ó ní Ṣábẹ̀. Ṣábẹ̀! A ti wà nínú kíláàsì kan náà láti oṣù méjì, à bá ti máa sọ èdè wa. Ó ní, "Màmá, mo rò pé ẹ ń yàn mí lódì ni. Ìgbà gbogbo lẹ máa ń kàwé." A jọ jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án náà. Nítorí náà, ẹ má fi mí ṣe àwáwí mọ́.

Lánàá, lẹ́yìn Jímọ̀, Sikirá fi àpò aṣọ rán Àmínà sí mi, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ náà gbé àpò sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò tú u. Mo ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní. Mo ya etí ìró mi kan tó gùn, mo fi wọ̀n ọ́n, mo sì ta kókó sí i.

Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún mi?"

Mo ní, "Rárá. Nǹkan irin ni."

Ó ní, "Kí ẹ má ṣe é mọ́ mi lára o. Mo ṣì ń ga."

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀ àti aṣọ ibùsùn ẹlẹ́yẹ tí mo rà. Èmi fúnra mi ni n ó sin ín kọjá afárá dé ẹnu ọ̀nà yín. N ó ní kí ó ti àpòòwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ó sì dúró síta títí ẹ ó fi kà á tán. N kò ní wọlé, nítorí bí mo bá rí ojú rẹ, n ó tún wo ilẹ̀, n ó ní "ó dáa".

Nínú àpòòwé ni o ó rí etí ìró náà. Kókó àkọ́kọ́ ni gìgísẹ̀ ọmọ rẹ. Èkejì ni àtàrí rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta jẹ́ ìbú ọwọ́ mi, mo fi í sílẹ̀ fún gíga tí yóò ga lọ́nà. Gbé e fún jórinjórin lọ́la. Bí ó bá ní àyè kò sí, ẹ yọ kọ́bọ́ọ̀dù kan. Kí o sì gba àwòrán yẹn lára ògiri rẹ̀, kí o ya ènìyàn karùn-ún sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ.

Ní báyìí, dìde. Lọ ṣílẹ̀kùn. Ó ti ń dúró láti ìgbà tí o ti ń kàwé. Má jẹ́ kí ó bi ọ́ níbo ni kí òun gbé àpò òun sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ṣìfáwù.